Ẹrù tí Aeneas Gbé: Ọ̀rọ̀ lórí Ewì Virgil àti Àwọn Ògbufọ̀ Rẹ̀

Àwọn kan nínú àwọn tí ó gbọ́ èdè Látìnì dáadáa a máa sọ pé asán ni kí ènìyàn ka ewì àwọn ará Róòmù ní èdè mìíràn. Wọn a ní inú ìró ni adùn ewì wà, àti pé bí a bá ti mú ìró náà kúrò, ìyàngbò ni ó kù sí wa lọ́wọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pátápátá, kí ni ìdí rẹ̀ tí ìwé Aeneid, tí Virgil kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, fi ń rí ògbufọ̀ tuntun láti ìran dé ìran, tí àwọn tí kò lè ka ìlà kan ní Látìnì sì ń sunkún nídìí rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò. Èrò tiwa ni pé ohun tí ó tóbi jù lọ nínú Aeneid ni Virgil gbé sínú ìṣe: sínú ẹrù tí ènìyàn gbé, sínú ọwọ́ tí a nà tí kò bá nǹkan, àti sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Irú nǹkan wọ̀nyí a máa la odò èdè kọjá láìrì.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí a dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, Látìnì àti Gíríìkì wà lára ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń kọ́ Látìnì ní ilẹ̀ wa kò tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ pé kò sí Virgil lẹ́yìn Látìnì, a jẹ́ pé a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ka Orin Dáfídì ní èdè Yorùbá nínú ilé ìsìn kò gbọdọ̀ wà lára àwọn tí ń gan iṣẹ́ ògbufọ̀. Èdè Hébérù ni a fi kọ àwọn orin wọ̀nnì, díẹ̀ sì ni ẹni tí ó gbọ́ ọ láàárín wa. Síbẹ̀ opó tí ń ṣọ̀fọ̀ a máa rí ìtùnú nínú wọn, kì í sì í béèrè bí wọ́n ti ń dún ní Jerúsálẹ́mù. Ní ọdún 1850 ni ìtumọ̀ Ìwé sí Àwọn Ará Róòmù jáde láti ọwọ́ Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1884, lẹ́yìn làálàá òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, odindi Bíbélì wà ní Yorùbá. A kò fi ewì ènìyàn wé Ìwé Mímọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ìrírí tiwa ti kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ńlá lè kúrò ní ilé èdè kan, kí ó sì di onílé ní ilé èdè mìíràn.

Publius Vergilius Maro, tí gbogbo ayé ń pè ní Virgil, ni a bí ní ẹ̀bá ìlú Mantua ní àríwá Ítálì, ní ọdún 70 kí a tó bí Olúwa wa. Ọmọ ilẹ̀ oko ni. Nígbà èwe rẹ̀, àwọn ọ̀gágun Róòmù ń bá ara wọn jà, a sì ń gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti fi san ẹ̀san fún àwọn ọmọ ogun. Ìbànújẹ́ àwọn tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn wà nínú ewì àwọn darandaran tí ó kọ́kọ́ kọ. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé mẹ́rin ní ewì lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ó tó dáwọ́ lé Aeneid. Nǹkan bí ọdún 11 tí ó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ni ó fi ṣe é, kò sì parí rẹ̀ tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn: nínú nǹkan bí 9,900 ìlà tí ó wà nínú ìwé 12 náà, ó lé ní 50 ìlà tí a kò kọ tán. Nígbà tí ikú dé bá a ní Brundisium, ní ọdún 19 kí a tó bí Olúwa, àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ó fẹ́ kí a sun iṣẹ́ náà níná. Késárì Augustus kò gbà. Ó ní kí Varius àti Tucca, àwọn ọ̀rẹ́ akéwì náà, tọ́jú rẹ̀ fún aráyé.

Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé ewì akọni àwọn ará Róòmù fúnra rẹ̀, ọmọ ìtumọ̀ ni. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta kí a tó bí Olúwa, Livius Andronicus, tí ó ti ilẹ̀ àwọn Gíríìkì ní gúúsù Ítálì wá, túmọ̀ Odyssey ti Homer sí Látìnì. Ibẹ̀ ni ewì akọni Látìnì ti kọ́ ìrìn. Virgil kò túmọ̀ Homer, ṣùgbọ́n inú igbó Homer ni ó ti gé igi tí ó fi kọ́lé. Ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ìrìn-àjò bí ti Odyssey. Mẹ́fà tí ó tẹ̀lé wọn jẹ́ ogun bí ti Iliad. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ewì yìí kò lè gbé ilé àlejò, kí ó rántí pé ilé àlejò ni a ti bí i.

Ìtàn náà kò ṣòro láti sọ. Àwọn Gíríìkì fi ẹṣin onígi tan àwọn ará Troy, wọ́n wọ ìlú náà ní òru, wọ́n sì tiná bọ̀ ọ́. Aeneas, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ibẹ̀, fẹ́ jà títí dé ojú ikú, ṣùgbọ́n ọ̀run pàṣẹ pé kí ó sá, kí ó lọ wá ilẹ̀ mìíràn tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ti di ńlá. Ní òpin Ìwé Kejì ni a ti rí àwòrán tí gbogbo ìwé náà rọ̀ mọ́. Anchises baba rẹ̀ ti di arúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ràn án mọ́. Aeneas tẹ́ awọ kìnnìún sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé baba rẹ̀. Baba ni ó di àwọn ère ilé wọn mú, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ogun wà lọ́wọ́ ọmọ. Iulus, ọmọ rẹ̀ kékeré, di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó ń fi ẹsẹ̀ kúkúrú sáré kí ó lè bá baba rẹ̀ rìn pọ̀. Creusa aya rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nínú Jẹ́nẹ́sísì, aya Lọ́tì bojú wẹ̀yìn, ó sì di ọwọ̀n iyọ̀. Níhìn-ín, Aeneas ni kò bojú wẹ̀yìn, báyìí ni aya rẹ̀ ṣe sọnù. Nígbà tí ó padà sínú ìlú tí ń jó láti wá a, òjìji rẹ̀ nìkan ni ó rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó nawọ́ láti dì mọ́ ọn; ẹ̀ẹ̀mẹta ni òjìji náà yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ kí a béèrè: èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni ó sọnù nígbà tí a gbé ìtàn náà kúrò ní Látìnì? Arúgbó tí a gbé, ọmọ kékeré tí ń sáré, obìnrin tí a kò rí mọ́: ilẹ̀ wo ni ogun ti jà rí tí kò mọ̀ wọ́n?

Orúkọ tí Virgil pe ìwà yìí ni pietas. Ẹni tí ó ní in ni pius. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti da àwọn ògbufọ̀ láàmú púpọ̀. John Dryden, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1697, sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ pé kò sí èdè òde òní kan tí ó ní ọ̀rọ̀ tí ó kún tó o, nítorí pé ìfọkànsìn sí àwọn òrìṣà, ìfẹ́ ọmọ sí baba, àti ìtọ́jú ẹbí ni ó kó pọ̀ sójú kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ láti inú pius ti di ọ̀rọ̀ ilé ìsìn nìkan, nígbà mìíràn pẹ̀lú ó máa ń rùn bí àṣehàn. Èyí ni ó mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì máa rò pé Aeneas jẹ́ ọkùnrin gbígbẹ kan tí kò mọ̀ ju àdúrà lọ.

Ọ̀nà wa sún mọ́ ti Virgil ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí ti mọ ìdí tí Anchises fi wà ní èjìká ọmọ rẹ̀. Nínú ìwé kìíní sí Tímótì, orí karùn-ún, Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pẹ̀lú kò ya ìsìn Ọlọ́run kúrò lára ìtọ́jú òbí: inú ilé ni ó fẹ́ kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ìwà-bí-Ọlọ́run. Lóòótọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo dípò pius yóò ṣe wàhálà. “Olùfọkànsìn” kò kó baba mọ́ra. “Ọmọ rere” kò kó ìlú mọ́ra. “Olóòótọ́” fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a ní iṣẹ́ náà lọ́wọ́, a kò ní wá ọ̀rọ̀ kan. Oríkì ni a ó wá. A ó pè é ní Aeneas a-gbé-ẹrù-má-sọ̀.

Oríkì sì ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lọ́wọ́ Virgil. A máa so pius mọ́ orúkọ Aeneas léraléra, gẹ́gẹ́ bí Homer ti ṣe fún àwọn akọni tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ògbufọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sá fún àtúnwí yìí. Wọn a yí i padà níhìn-ín, wọn a fò ó lọ́hùn-ún, nítorí pé ó dàbí àpọ̀jù ní etí wọn. Ẹni tí a fi oríkì tọ́ dàgbà mọ̀ pé ìpè kan kì í jẹ́ ohun kan náà ní ìgbà gbogbo: oríkì tí a kì fún ọmọ ní òwúrọ̀ láti jí i kọ́ ni ó ń gbọ́ nígbà tí a bá kì í lójú ogun, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Nínú Ìwé Kẹrin, lẹ́yìn tí Dido ti da ìbínú àti ẹkún rẹ̀ sílẹ̀, tí ó wù Aeneas láti tù ú nínú, tí ó sì yí padà lọ bá àwọn ọkọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni Virgil ti tún pè é ní pius. Kì í ṣe ìyìn lásán níbẹ̀. Ó ń rán ọkùnrin náà létí ẹrù rẹ̀, ó sì ń fi iye tí ó ń san hàn wá. Ògbufọ̀ tí ó bá fò ó níbẹ̀ ti pa ìrora ibẹ̀ rẹ́.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ Dido, kí a sọ ìtàn rẹ̀. Ìjì gbé àwọn ọkọ̀ Aeneas lọ sí etíkun Áfíríkà, sí Carthage, tí ahoro rẹ̀ wà lẹ́bàá ìlú Tunis títí di òní. Dido, ọbabìnrin ibẹ̀, ìsáǹsá ni òun náà. Arákùnrin rẹ̀ ni ó pa ọkọ rẹ̀ ní Tírè, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ la òkun kọjá láti wá tẹ ìlú tuntun dó. Ó gba àwọn àlejò náà tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì fi ọkàn rẹ̀ fún Aeneas. Ìránṣẹ́ ọ̀run dé pé kí Aeneas dìde, kí ó máa lọ sí Ítálì. Ó lọ. Dido to igi jọ, ó gun orí rẹ̀, ó sì fi idà ọkùnrin náà gún ara rẹ̀.

Ọmọ Áfíríkà kan ti jẹ́rìí sí agbára ìtàn yìí. Augustine Mímọ́, tí a bí ní Thagaste ní ọdún 354, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlgéríà nísinsìnyí, tí ó sì kàwé ní Carthage, sọ nínú Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pé nígbà èwe òun, òun sunkún nítorí ikú Dido, nígbà tí òun kò sunkún nítorí ẹ̀mí ara òun tí ń kú nítorí pé ó jìnnà sí Ọlọ́run. Ìbáwí ni ó fi èyí ṣe fún ara rẹ̀, ó sì tọ́ kí olùkọ́ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n Augustine kò ju Virgil nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run, Virgil ni ó pè síwájú láti bá a ṣàròyé lórí ìgbéraga Róòmù. Kò sí ẹni tí í bá ẹni tí kò ka sí ṣe àròyé.

Ní Látìnì ni Augustine kà á. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ìró ni ó pa á lẹ́kún, a kò ní bá a jiyàn. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a lọ síbi tí kò ti sí ìró rárá. Ní Ìwé Kẹfà, Aeneas sọ̀kalẹ̀ lọ sí ipò òkú láti rí baba rẹ̀. Ní ọ̀nà, nínú òkùnkùn, ó rí Dido. Ó sunkún, ó bẹ̀ ẹ́, ó búra fún un pé kì í ṣe ìfẹ́ inú òun ni òun fi kúrò ní etíkun rẹ̀. Obìnrin náà yíjú kúrò, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ojú rẹ̀ le bí òkúta. Kò fọhùn. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó lọ bá ọkọ àárọ̀ rẹ̀ nínú igbó òjìji. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ti Dido kò bá a dákẹ́. Ní Ìwé Kẹrin, òun ni ó ń sọ̀rọ̀ tí Aeneas kò rí èsì gidi fọ̀. Nísinsìnyí Aeneas rí ọ̀rọ̀ sọ, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí kì í ṣe Látìnì, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ tí kò mọ nǹkan mìíràn í túmọ̀ yóò lè túmọ̀ rẹ̀, àfi bí ó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dí i.

Ọ̀rọ̀ wa kàn wá kan àwọn ògbufọ̀ fúnra wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣáájú jẹ́ ẹni ìjọ: Gavin Douglas, àlùfáà ní Edinburgh, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Dunkeld lẹ́yìn náà. Ní oṣù Keje ọdún 1513 ni ó parí ìtumọ̀ odindi Aeneid sí èdè àwọn ará Scotland. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1490, William Caxton ti tẹ ìwé kan jáde lórí ìtàn Aeneas, ṣùgbọ́n inú ìwé Faransé ni ó ti mú un, ó sì ti ṣáko jìnnà sí Virgil. Douglas bá a wí kíkankíkan. Ohun tí ó wù wá nínú Douglas ni pé ó mọ àìní èdè abínibí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Látìnì, kò sì tijú rẹ̀. Ó fi èdè tí a ń sọ nílé kọ ọ́, ó sì retí pé a ó máa kà á sókè fún àwọn tí kò mọ ìwé. Ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ ìjọ ní ìgbèríko yóò mọ iyì irú ìrètí bẹ́ẹ̀.

Henry Howard, ìjòyè Surrey, tí a bẹ́ lórí ní ọdún 1547, túmọ̀ Ìwé Kejì àti Ìkẹrin nìkan. Irú ìlà tí ó lò, tí ìparí rẹ̀ kò bá ti ìlà kejì dọ́gba ní ìró, jẹ́ ohun tuntun nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni Shakespeare àti Milton gbà lò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo bí àlejò ti san owó ilé! Dryden ní tirẹ̀ padà sí ìlà méjì-méjì tí ìró ìparí wọn bára mu. Fún ogun, ìjì àti ìpàdé àwọn ọ̀run, a kò mọ ẹni tí ó jù ú lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ń dún bí ìlù tí a ń fi sin ọba. Ṣùgbọ́n ìró tí ń parí ní ìlà méjì-méjì a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbànújẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, Dryden a sì máa fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ti Virgil níbi tí Virgil ti fẹ́ dákẹ́.

Ní ayé tiwa yìí, Robert Fagles, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, fi ìlà gígùn tí ó tú lẹ́nu ṣe é. Ó dára fún kíkà sókè níwájú kíláàsì. Sarah Ruden, ní ọdún 2008, bá Virgil rìn ní ìlà mọ́ ìlà, kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Bí a bá ní kí a yan ọ̀kan fún ìpàdé Aeneas àti Dido nínú òkùnkùn, ti Ruden ni a ó mú, nítorí pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ó mọ bí a ti ń kọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sílẹ̀. Seamus Heaney, akéwì ọmọ Ireland, yan Ìwé Kẹfà nìkan. Lẹ́yìn ikú baba rẹ̀ ní ọdún 1986 ni ó yíjú sí i, iṣẹ́ náà sì jáde ní ọdún 2016, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti sùn. Nínú Ìwé Kẹfà náà, ọmọ rí baba rẹ̀ láàárín àwọn òkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó fẹ́ dì mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó kùnà, gẹ́gẹ́ bí ó ti kùnà pẹ̀lú Creusa. Àlàyé wo ni a tún ń wá lórí ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń túmọ̀ Virgil? Ẹni tí ó ti sin baba rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

A kò sọ pé kò sí ohun tí ń sọnù. Ìlà Látìnì ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, tí a fi ohùn gígùn àti ohùn kúkúrú wọ̀n. Ní Ìwé Kẹjọ, ìlà kan wà tí ẹni tí ó bá kà á dáadáa yóò gbọ́ pátákò ẹṣin lórí eruku pápá, bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu gángan. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó mú gbogbo ìyẹn wọlé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ Virgil ní Yorùbá, kí ó kọ́gbọ́n lára àwọn orin ìsìn wa àtijọ́ tí a gbé lé ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí orin ti ń gòkè nígbà tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì di ohun mìíràn ní etí. Kí ó má ṣe ka ẹsẹ̀ mẹ́fà lé èdè tí kò fi ẹsẹ̀ rìn bẹ́ẹ̀, kí ó má sì ṣe fi ipá wá ìró ìparí. Òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín ohùn wa ti tó ohun èlò fún un.

Àríyànjiyàn méjì kù tí a gbọdọ̀ dáhùn. Èkíní ni pé ìwé abọ̀rìṣà ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù dúró ní Áténì, ó sì fi ọ̀rọ̀ àwọn akéwì wọn tì wọ́n. Kò bá tí lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá kà wọ́n. Èkejì wúwo jù ú lọ. Virgil yin Késárì. Nínú ìwé rẹ̀, Júpítà ṣe ìlérí ìjọba tí kò ní òpin fún Róòmù. Àwa tí ilẹ̀ wa wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba òkèèrè títí di ọdún 1960 lè béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú orin àwọn aṣẹ́gun. Ìdáhùn wa ni pé kí a ka iye òkú inú ìwé náà. Dido kú. Pallas, Lausus, Euryalus àti Camilla, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, ti ìhà ìhín àti ti ìhà ọ̀hún, Virgil sì sunkún gbogbo wọn bákan náà. Nígbà tí a fún Aeneas ní asà tí a ya ògo Róòmù sí lára, Virgil sọ pé ó yọ̀ sí àwòrán náà láìmọ ohun tí ó jẹ́, ó sì gbé e kọ́ èjìká. Ní Ìwé Kejì, baba ni ó wà ní èjìká yẹn. Ní Ìwé Kẹjọ, àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí ni. Láàárín ẹrù méjèèjì, àyè kò sí fún ayọ̀ tirẹ̀. Akéwì tí ó ń fi irú èyí hàn mọ̀ ju ìyìn lọ. Ní ọdún 410 àwọn Goth kó Róòmù. Ní ọdún 476 a yọ Késárì ìkẹyìn ti ìwọ̀-oòrùn lórí oyè. Ìjọba tí kò ní òpin dópin, ẹkún inú ìwé náà kù.

Ibi tí ìwé náà parí sí ni ó fi ara rẹ̀ hàn jù. Turnus, ọ̀tá Aeneas ní Ítálì, ṣubú lórí eékún pẹ̀lú ọgbẹ́ ní itan. Ó gbà pé a ti ṣẹ́gun òun, ó sì bẹ Aeneas nítorí baba òun tí ó ti dàgbà. Aeneas dá ọwọ́ dúró. Ní Ìwé Kẹfà, Anchises ti kìlọ̀ pé kí àwọn ará Róòmù máa dá ẹni tí ó bá túúbá sí. Ṣùgbọ́n ojú Aeneas bọ́ sí ìgbànú Pallas, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Turnus pa, lára Turnus. Ìbínú gbé e, ó sì gún un pa. Ibẹ̀ ni ìwé tán. Ẹni tí kò sọ baba rẹ̀ kalẹ̀ nínú iná, níkẹyìn ó sọ ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò lè fara da òpin yìí. Ní ọdún 1428, Maffeo Vegio, ará Ítálì, kọ ìwé kẹtàlá kún un, ó fi ìgbéyàwó àti àlàáfíà parí rẹ̀. Douglas náà túmọ̀ ìyẹn mọ́ tirẹ̀. A mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Virgil ni ó jẹ́ òtítọ́ jù. Ó mú ìwà rere ènìyàn rìn títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kò sì purọ́ pé ó kọjá ibẹ̀. Dante mọ èyí: ó fi Virgil ṣe amọ̀nà rẹ̀ la ọ̀run àpáàdì àti òkè ìwẹ̀nùmọ́ kọjá, ṣùgbọ́n kò mú un wọ ọ̀run rere.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró de Látìnì kí ẹ tó fi Virgil lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Bí àkókò kò bá tó, ẹ ka Ìwé Kejì, Ìkẹrin, Ìkẹfà, àti òpin Ìkejìlá. Ẹ kà á sókè, ẹ má sì ṣe yára sọ ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí Dido ti yíjú kúrò, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ní Yorùbá ohun tí obìnrin náà kò sọ. Ẹ ó rí i pé ìtumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.